Orúkọ Tí A Lè Pè Lẹ́ẹ̀kan Ṣoṣo Lórí Rédíò

  

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan pè wá lórí ètò rédíò wa láti Sábó ní Ilé-Ifẹ̀ níbí. Àlùbọ́sà ni wọ́n ń tà, àpò àpò ni ọkọ̀ ń já a sílẹ̀ fún wọn láti òkè Ọya. Ọmọ wọn obìnrin ti bá wọn ṣí ojú ìwé sórí Facebook àti Instagram, kí àwọn tó ń dáná ìnáwó ní Òṣogbo àti Iléṣà lè máa ránṣẹ́ wá ra ọjà. Mo ní kí wọ́n sọ orúkọ tí àwọn oníbàárà máa fi rí wọn. Ìyá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní “queen” ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà E inú rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, kì í ṣe méjì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni underscore, ìlà kékeré tó máa ń wà nísàlẹ̀ yẹn, ṣùgbọ́n méjì ló tẹ̀ léra wọn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ mìíràn, tí òdo wà níbi tó yẹ kí lẹ́tà O rẹ̀ wà. Ọdún tí wọ́n bí ọmọ náà ló wá gbẹ̀yìn. Kí wọ́n tó pè é dé ìdajì lẹ́ẹ̀kejì, àkókò wọn ti tán, ìlà já.

Nígbà tí ètò parí, èmi àti ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ jókòó, a wá orúkọ náà títí, a ò rí i. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ìyá yẹn lówó nínú ọjà, ọjà wọn dára, wọ́n sì mú suúrù dúró lórí ìlà kí wọ́n tó ráyè bá wa sọ̀rọ̀. Orúkọ ló sé ilẹ̀kùn mọ́ oníbàárà.

Nítorí náà, orúkọ tí à ń jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní yúsánéèmù, ni a ó jọ sọ lónìí. Kí n ti sọ èyí tí mo gbà gbọ́ jù lọ nípa rẹ̀: orúkọ tó dára ni èyí tí a lè pè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lórí rédíò, tí ẹni tó wà ní Mọdákẹ́kẹ́, tí kò rí ojú wa rí, yóò kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe yẹ, tí yóò sì fi rí wa. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ kì í fi bẹ́ẹ̀ pè é. Àwọn ẹlòmíràn ló ń pè é.

Ẹ wo Sábó fúnra rẹ̀. Sabon Gari ni àwọn Haúsá ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ ni ìlú tuntun, ibi tí àwọn tó ti òkèèrè wá ṣòwò tẹ̀dó sí. Nígbà tó dé ẹnu Yorùbá, a gé e, a fi ohùn tiwa sí i, ó di Sábó. Kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó ṣe é. Ẹnu àwọn tó ń pè é lójoojúmọ́ ló gé e: ẹnu àwọn tó ń ra gbànja, ẹnu awakọ̀ tó ń pe èrò, ẹnu ọmọdé tí wọ́n rán lọ ra ṣúyà lálẹ́. Wọ́n ju èyí tó wúwo nù, wọ́n mú èyí tó rọrùn. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó rọrùn náà ló ṣe pọ̀ káàkiri. Sábó wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Yábàá l’Ékòó, ó wà ní Ìkòròdú, ó wà ní Ṣágámù. Ẹni tó bá sọ lórí fóònù pé Sábó ni òun wà, àfi kó fi Ifẹ̀ kún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀ yóò rántí ohun tí ìyàwó tuntun máa ń ṣe nílé ọkọ. Kò gbọdọ̀ pe àbúrò ọkọ rẹ̀ ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ì báà jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́ta. Gbogbo ọmọ tó bá nínú ilé ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀, ọkọ ni wọ́n jẹ́ sí i. Yóò wá máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọ tí ara rẹ̀ dúdú tó ń dán, ó di Adúmáadán. Èyí tí eyín rẹ̀ funfun, ó di Eyínfúnjowó. Èyí tó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, Òpéléńgé. Èyí tí aṣọ àrán yẹ ní ìdí, Ìbàdíàrán. Ọmọkùnrin tí kì í fi ìwé sílẹ̀, Akọ̀wé. Orúkọ náà á mọ́ ọmọ lára débi pé, bó bá di àgbàlagbà, àwọn ìyàwó ilé mìíràn náà á máa fi pè é.

Mo ti ronú lórí àṣà yìí gan-an, nítorí pé ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ń wá lórí fóònù. Ìyàwó wò dáadáa kó tó sọ ọ́. Ó mú ohun tí gbogbo agbo ilé fi lè dá ọmọ náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀, kò sí ẹni tó máa gbọ́ Adúmáadán kó máa béèrè pé ta ni. Orúkọ náà dùn lẹ́nu, nítorí pé yóò máa fi jí i láàárọ̀, yóò máa fi rán an níṣẹ́. Èyí tó sì wú mi lórí jù ni pé kò ní fún un ní orúkọ ẹ̀gàn. Inú ilé kan náà ni wọ́n máa jọ gbé títí ayé.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, àwọn ọba wa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ọba Okùnadé Ṣíjúwadé gorí ìtẹ́ ní 1980, Olúbùṣe Kejì ni wọ́n jẹ́, nítorí pé Olúbùṣe ni bàbá ńlá wọn jẹ́ lórí ìtẹ́ kan náà. Ní 2015, Ọba Adéyẹyè Ògúnwùsì jẹ́ Ọ̀jájá Kejì. Ẹni tó bá gbọ́ orúkọ náà mọ ilé tó ti wá. Bí ìwọ náà bá fẹ́ wọ àwùjọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wo ilé yẹn kí o tó mú orúkọ. Orúkọ tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ fi ń pè ọ́ níbi tí ẹ ti ń gbá géèmù lè máà bá ibi tí àwọn agbanisíṣẹ́ ti máa wá ọ wò mu. Kò burú kí èèyàn ní orúkọ méjì fún ilé méjì. Bàbá kan lè jẹ́ Alàgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì kó sì jẹ́ Bàbá Ìbejì ládùúgbò.

Kí ló tilẹ̀ fa orúkọ orí íntánẹ́ẹ̀tì yìí? Nígbà tí kọ̀ǹpútà ṣì tóbi bí yàrá tó sì wọ́n bí ojú, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń pín ẹyọ kan lò. Ẹ̀rọ náà gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí alájọ ṣe gbọ́dọ̀ mọ káàdì oníkálukú. Ní 1971, Ray Tomlinson, ọmọ Amẹ́ríkà tó ṣe ọ̀nà tí lẹ́tà fi lè gba kọ̀ǹpútà kan lọ sí òmíràn, mú àmì @ láti ya orúkọ èèyàn kúrò lára orúkọ ẹ̀rọ tó ń lò. Orúkọ èèyàn wà lọ́wọ́ òsì, orúkọ ilé wà lọ́wọ́ ọ̀tún: lágbájá, nílé báyìí. Nínú àwọn ọdún 1990, Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tó wà ní Ifẹ̀ níbí wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ní irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn yunifásítì Nàìjíríà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ICTP, ibùdó ìmọ̀ físíìsì tó wà ní Trieste ní Ítálì. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílùú wa.

Ibi tó ti le fún àwa Yorùbá ni mo fẹ́ dúró lé báyìí. Ohun èlò tí a mọ̀ sí Twitter tẹ́lẹ̀, tó di X ní 2023, kò gbà ju lẹ́tà A títí dé Z, nọ́ńbà, àti underscore. Kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Instagram gba ọgbọ̀n lẹ́tà, ó sì gba àmì ìdánudúró. Ṣùgbọ́n kò sí èyí nínú wọn tó gba àmì ohùn, kò sì sí èyí tó gba àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ. Èdè wa, tó jẹ́ pé ohùn ló ń yà ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, a máa bọ́ gbogbo aṣọ rẹ̀ kó tó lè wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìlú wa ṣe àpẹẹrẹ. Ọmọ kan fẹ́ fi hàn pé ọmọ Ilé-Ifẹ̀ lòun, ó kọ “omoife”. Kí ni ẹlòmíràn máa kà? Ó lè kà á sí ọmọ Ifẹ̀. Ó lè kà á sí ọmọ ìfẹ́. Ó lè kà á sí ife tí a fi ń mu omi. Ẹni tó bá jẹ́ Ígbò á rò pé Ifeoma tàbí Ifeanyi ló fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ìlú tí a gbà pé ibẹ̀ ni ojúmọ́ ti mọ́ wá, ó wá di ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣàlàyé. Ìyá tó ń ta ẹ̀wà sísè kọ “elewa”, àwọn kan rò pé arẹwà ló ń pe ara rẹ̀, nítorí pé ẹni tó ní ẹ̀wà àti ẹni tó ní ẹwà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà lẹ́nu wa. Èyí tó burú jù ni ti ọ̀gbẹ́ni kan tó ní ọkọ̀ akérò tó sì kọ “oloko”. Ẹnìkan á kà á sí olóko, ìyẹn àgbẹ̀. Ẹlòmíràn á kà á sí ọlọ́kọ, ìyẹn adélébọ̀. Ọ̀nà kan tún wà tí wọ́n lè gbà kà á tí ẹnu mi kò gbà láti sọ lórí rédíò, nítorí àwọn ọmọdé tó ń gbọ́ wa.

Ohun tí mo máa ń ní kí àwọn èèyàn ṣe ni pé kí wọ́n kọ orúkọ náà sórí bébà láìfi àmì kankan sí i, kí wọ́n fún ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí, kí wọ́n ní kó kà á sókè. Bó bá kà á lọ́nà méjì, ẹ wá òmíràn. Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí kò ṣeé ṣì kà bí a tilẹ̀ bọ́ àmì wọn: àlùbọ́sà, gbẹ́nàgbẹ́nà, Olúmidé, agbádá. Ẹ má fi àìsí àmì sá kúrò nínú èdè wa. Mo máa ń rí àwọn ọmọ tó ní orúkọ Yorùbá dáradára tó jẹ́ pé, bí wọ́n bá dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, “king” àti “queen” àti “baddie” nìkan ni wọ́n máa ń wá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ti mú ìyẹn ṣáájú wọn. Ìdí nìyẹn tí E fi di mẹ́ta nínú “queen” ti ìyá wa.

Lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà ń kò wá lójú. Olúwafúnmiláyọ̀ nìkan jẹ́ mẹ́rìnlá. Bí ó bá fẹ́ fi orúkọ bàbá rẹ̀ kún un, kò sí ààyè mọ́. Àfi kó gé e, bí wọ́n ṣe gé Sabon Gari. A ti mọ bí a ṣe ń ṣe é: Fúnmi, Láyọ̀, Fúnláyọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnu àwọn tó fẹ́ràn yín gé e fún yín. Èyí tí wọ́n ń pè yín nílé ni ẹ mú.

Àwọn ọmọ méjì kan kàwé ní yunifásítì wa níbí tí gbogbo ayé mọ orúkọ wọn báyìí. Ọ̀kan ni Ahmed Ọlọ́ládé, tó kọ́ nípa eré orí ìtàgé. Orúkọ ìyá rẹ̀ ló mú, Àṣàkẹ́, oríkì obìnrin, ó sì fi kọrin dé òkè òkun. Èkejì ni Adédámọ́lá Adéfọláhàn, tó kọ́ nípa èdè Gẹ̀ẹ́sì, òun ni Fireboy DML. DML yẹn, Dámọ́lá tí a yọ fáwẹ́lì rẹ̀ kúrò ni. Inú mi máa ń dùn sí ti Àṣàkẹ́ jù. Ó kúrú, ó dùn lẹ́nu, èèyàn tí kò gbọ́ Yorùbá lè pè é, ó sì jẹ́ orúkọ tó gbé ìyá rẹ̀ dání. Ṣùgbọ́n kí ẹ má bàa sọ pé mo tàn yín jẹ, Àṣàkẹ́ ilé Yorùbá pọ̀ bí eṣú. Ẹni tó bá ń bọ̀ lẹ́yìn kò lè mú un lásán mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Ṣeun Òṣèwà, tó dá Nairaland sílẹ̀ ní 2005. “Seun” lásán ni orúkọ tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó kọ́ ilé ló kọ́kọ́ mú yàrá. Àwa tí a dé lẹ́yìn gbọ́dọ̀ fi nǹkan kún tiwa, nǹkan tí a sì fi kún un ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe àṣìṣe.

Èmi náà ṣe é. Ní 2003, mo wọ káfẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì kan ní Lágéré nílùú wa láti ṣí àpótí lẹ́tà àkọ́kọ́ mi. Àkókò la máa ń rà nígbà náà, ó ń ka ìṣẹ́jú lójú mi lókè kọ̀ǹpútà. Mo kọ orúkọ mi, ó ní ẹnìkan ti mú un. Mo kọ òmíràn, ó ní wọ́n ti mú ìyẹn náà. Ó wá gbé ọ̀kan kalẹ̀ fúnra rẹ̀, orúkọ mi tí a lẹ ọdún ìbí mi mọ́. Nítorí pé owó ń lọ, mo gbà á. Ọdún méjìlá ni mo fi jẹ́ orúkọ tí ẹ̀rọ sọ mí láàárín ìṣẹ́jú kan. Gbogbo ibi tí mo ti kọ ọ́ sílẹ̀ ni mo ti sọ ọjọ́ orí mi fún ẹni tí kò bi mí. Lọ́jọ́ kan, oníjìbìtì kan pè mí lórí fóònù, ó pe orúkọ mi, ó pe ọdún ìbí mi, ó ní láti báńkì lòun ti ń pè. Ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ là láti sọ nọ́ńbà káàdì mi fún un, nítorí pé mo rò pé báńkì nìkan ló lè mọ ìyẹn. Ọlọ́run ló yọ mí.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ọdún ìbí sínú orúkọ. Ẹ má fi nọ́ńbà fóònù sí i, ẹ má sì fi ohunkóhun tó wà nínú páásíwọ́ọ̀dù yín sí i. Ẹ̀yin ọ̀dọ́bìnrin tí ẹ ń gbé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ ọgbà ilé yín sínú rẹ̀. Ẹni tó mọ orúkọ ọ̀dọ́bìnrin, ọdún tí wọ́n bí i, àti ilé tó ń gbé, ti mọ ohun tó pọ̀ jù. Ti oníṣòwò yàtọ̀. Ó fẹ́ kí wọ́n rí òun. Òun ni kó fi ọjà àti àdúgbò kún orúkọ tirẹ̀, bí a ṣe ń ṣe é lẹ́nu ní Sábó láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn Haúsá á ní Mai Goro, ẹni tó ní gbànja. Mai Shayi, ẹni tó ń po tíì. Àwa náà á ní Ìyá Oníresì, Bàbá Aláṣọ. Ọ̀rọ̀ Mai Ruwa tó ń gbé omi kiri ti wọ inú Yorùbá pátápátá, a sọ ọ́ di mẹ́ruwà. Ọjà ni orúkọ, àdúgbò sì ni ìdánimọ̀. Kò sí nọ́ńbà kankan nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ṣìnà.

Àwọn kan máa bi mí pé, ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ òun ńkọ́? Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Opó tó fẹ́ béèrè ìbéèrè lórí ogún láìjẹ́ kí mọ̀lẹ́bí ọkọ mọ̀, ọmọ tó fẹ́ wádìí àìsàn tó ń tì í lójú, kò sí ẹni tó yẹ kó fi dandan lé e pé kí wọ́n fi orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n lọ́jọ́ kẹjọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfarapamọ́ lọ́tọ̀, pípe ara ẹni ní ẹlòmíràn lọ́tọ̀. Ìtàn kan wà nílùú wa tí mo máa ń rò síwá sẹ́yìn. Ulli Beier, ọmọ Jámánì tó dé Nàìjíríà ní 1950, tó sì wá darí ibùdó ìmọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà ní yunifásítì Ifẹ̀ láti 1971 sí 1974, ti kọ eré onítàn nípa Ọbàtálá jáde ní 1966 lábẹ́ orúkọ Ọbọ́túndé Ìjímèrè. Ọ̀pọ̀ tó ka ìwé náà gbà pé Yorùbá kan ló kọ ọ́. Ọkùnrin náà fẹ́ràn wa, ó ṣe púpọ̀ fún iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Yorùbá, n kò ní bu iṣẹ́ rẹ̀ kù. Síbẹ̀, mo rò pé òǹkàwé lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ẹni tó ń sọ ìtàn Ọbàtálá fún un. Orúkọ tí a mú lè sọ ohun tí ẹnu wa kò sọ. Bí ìwọ kì í bá ṣe dókítà, má jẹ́ “Dr” nínú àwùjọ tí àwọn ìyá ti ń béèrè oògùn ọmọ.

Ti àwọn tó ń mú orúkọ ẹlòmíràn láti fi lu jìbìtì, òfin ti wà fún wọn. Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní 2015, sọ nínú abala kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n rẹ̀ pé ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ mú orúkọ ẹlòmíràn, tàbí orúkọ òwò rẹ̀, lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìní ẹ̀tọ́, tó sì fẹ́ fi dí i lọ́wọ́, lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún méjì, tàbí kó san owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù márùn-ún náírà, tàbí méjèèjì pọ̀. Ọgbọ́n àwọn oníjìbìtì náà kò ju títan ojú jẹ lọ. Wọ́n á fi òdo sípò lẹ́tà O, wọ́n á fi I ńlá sípò l kékeré, lójú fóònù kò ní yàtọ̀. Ìdí mìíràn rèé tí mo fi ń sọ pé kí orúkọ yín rọrùn: orúkọ tó lọ́jú pọ̀ ló rọrùn jù láti ṣe ayédèrú rẹ̀. Bí ti yín bá ní ìlà méjì, ta ló máa mọ̀ bí oníjìbìtì bá fi mẹ́ta sí tirẹ̀?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò lè ṣàìsọ, nítorí pé Sábó ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2017, ìjà ṣẹlẹ̀ ládùúgbò yìí láàárín Yorùbá àti Haúsá. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ṣọ́ọ̀bù jóná. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ kò nílò kí n rán yín létí. Títí di òní, mo ṣì ń rí àwọn ọmọ kan tó ń mú orúkọ tó ń bú ẹ̀yà mìíràn, tí wọ́n á sì fi wọ inú àwùjọ tí gbogbo wa jọ wà. Ohun tí ọmọ bá sọ lè kọjá lọ, wọ́n lè pa á rẹ́. Ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ máa ń jókòó sí iwájú gbogbo ohun tó bá sọ. Bó bá kí èèyàn kú àárọ̀, èébú náà ló kọ́kọ́ kí i. Ẹ rántí ìyàwó tó ń wo àwọn ọmọ ilé ọkọ kó tó sọ wọ́n lórúkọ. Ó mọ̀ pé odi kan náà ló yí wọn ká. Àwọn ọmọ Haúsá wà ní Sábó tí a bí sílé ìwòsàn kan náà tí a bí àwọn ọmọ tiwa sí, tí wọ́n ń sọ èdè Ifẹ̀ bí ọmọ Ìlódè, àdúgbò wa kan. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fi Ifẹ̀ sí ìdí orúkọ rẹ̀, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ku ohun kan. Orúkọ tí a mú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe tiwa tán. Ní 2023, nígbà tí Twitter sọ ara rẹ̀ di X, ọkùnrin kan wà ní San Francisco tó ti ń jẹ́ “x” níbẹ̀ láti 2007. Ilé iṣẹ́ náà gba orúkọ yẹn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Níbí náà, láti oṣù Kẹfà 2021 títí di oṣù Kìn-ín-ní 2022, ìjọba ti Twitter pa ní Nàìjíríà. Ẹni tí ibẹ̀ nìkan ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n pàdánù oníbàárà rẹ̀ fún oṣù méje. Bí ẹ bá ti rí orúkọ tó tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ mú ọ̀kan náà sí ibi mẹ́ta, mẹ́rin, kódà bí ẹ kò bá tíì fẹ́ lo ibẹ̀. Ẹ má sì yára pààrọ̀ rẹ̀. Lọ́pọ̀ ibi, bí ẹ bá ti jáde nínú orúkọ kan, ẹlòmíràn lè wọ inú rẹ̀, gbogbo oníbàárà tó kọ ọ́ sílẹ̀ á sì máa lọ bá ẹni yẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ sí Sábó, mo lọ bá ìyá alálùbọ́sà. Wọ́n fún mi ní àga, èmi àti ọmọ wọn jókòó ti àwọn àpò náà. Ọmọ náà kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà, ó ní “queen” ti mọ́ òun lára, mo sì ní kó fi sílẹ̀ fún ojú ìwé tirẹ̀, kó bá ìyá rẹ̀ wá òmíràn. A gbìyànjú púpọ̀. “Alubosa” nìkan, wọ́n ti mú un. “AlubosaSabo”, mo rántí Sábó Ìbàdàn, mo rántí Ṣágámù. Nígbà tó yá, ìyá fúnra wọn ló sọ ọ́, bí ẹni tó ń júwe ilé fún awakọ̀: AlubosaSaboIfe. Ọmọ náà kà á, lẹ́tà mẹ́rìnlá. Ó wọlé níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí a ti dán an wò.

Ìyá mú máákà, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí, wọ́n gbé e ka orí àpò tó wà níwájú. Ọmọkùnrin kan tó wọ aṣọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń kọjá lọ pẹ̀lú ike lọ́wọ́. Ó dúró, ó kà á sókè ní ẹ̀ẹ̀kan, bí a ṣe kọ ọ́ gan-an. Ó wá bi ìyá léèrè pé èló ni wọ́n ń ta àlùbọ́sà.